Ẹni tó Ń Pe Awakọ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn aya àti ọkọ wa, àti àwọn àlejò wa sọ ní Ilo-Awela, nígbà ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa sí títí di òní, a ó ṣe ogún ọdún níṣojú ara wa.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ tí yóò ṣe gbogbo wa láǹfààní. Àwọn kan ti rò pé ọ̀rọ̀ owó ni n ó sọ, nítorí pé iṣẹ́ báńkì ni mo ń ṣe. Owó yóò wọ inú rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù àti ọkọ̀ wíwà ni mo fẹ́ dúró lé lórí, pàápàá àwọn ohun tí àwọn tó ń ṣe fóònù ti fi sínú rẹ̀ kí ó lè máa dákẹ́ nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń wakọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ láìmọ̀. Mo sì ní àbá kan tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ kí a tó dìde. Àbá náà kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò yìí mọ títì wa. Ẹni tó bá jáde láti Ilo-Awela sí Toll Gate, Toll Gate tí kò sẹ́ni tó ń gba owó ibodè níbẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí orúkọ kò kúrò lára rẹ̀, títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ló bọ́ sí yẹn. Tírélà tó gbé ẹrù jáde láti ilé iṣẹ́, dánfó tó ń sáré kó èrò, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà, ọmọ ilé ìwé, ìyá tó ru ẹrù lọ sí ọjà, gbogbo wọn ló ń du ojú ọ̀nà kan náà. Bí o bá sì yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè ilẹ̀ Benin ni ẹ ó jọ máa fara gbún ara yín. Kòtò lè wà lónìí níbi tí kò sí lánàá. Ọkọ̀ lè dojú kọ ọ́ lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó tún máa tan iná sí ọ lójú bí ẹni pé ìwọ lo ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Èmi ò kúkú lè sọ̀rọ̀ kí n má ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá gbé ojú sórí fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, ọkọ̀ náà ti lọ ní mítà 110 láìsí ẹni tó ń wo iwájú. Pápá bọ́ọ̀lù kan gbáko nìyẹn. Ẹ ní ta ló ń sá 80 ní Sàngó? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ pé 40 ló ń sá. Mítà 55 ni yóò fi ojú fífọ́ rìn. Nínú mítà 55 lábẹ́ bíríìjì Sàngó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bá mi ka iye ènìyàn tó lè sọdá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ọ́ wà dáadáa lè máa wà á kí ó sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn olùwádìí rí. Ní 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Redelmeier àti Tibshirani, mú awakọ̀ 699 tí wọ́n ní fóònù tí ọkọ̀ wọn sì ti kọlu nǹkan. Wọ́n gba àkọsílẹ̀ ìpè wọn, wọ́n fi wé àsìkò tí ìkọlù náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé ewu ìkọlù máa ń tó ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí ènìyàn bá ń lo fóònù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ń lo fóònù tí a kì í fọwọ́ dì mú kò sàn ju àwọn tó gbé e sétí lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ra nǹkan tí wọ́n ń kì bọ etí, tí ẹ rò pé ẹ ti bọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un rò. Ọwọ́ lẹ tú sílẹ̀. Ọkàn ṣì wà níbi tí wọ́n so ó mọ́.

Ti àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2009. Kámẹ́rà ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ ńlá akẹ́rù kí wọ́n lè rí ohun tí awakọ̀ ń ṣe gan-an. Wọ́n rí i pé ewu tó wà lórí awakọ̀ akẹ́rù tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ ìlọ́po 23 ti ẹni tó gbájú mọ́ títì. Mo mẹ́nu ba ọkọ̀ akẹ́rù nítorí pé ìlú ilé iṣẹ́ ni tiwa. Kò sí ọjọ́ tí tírélà kì í kọjá níwájú ilé ẹnì kan nínú wa.

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jáde níbí: kí ló dé tí èrò lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ láti Ọ̀tà dé Abẹ́òkúta, tí kò sì sí wàhálà? Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah yẹ èyí náà wò. Èrò ń rí títì. Bí tírélà bá ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ á gé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbà mìíràn á ní “Yéè, rọra!” Ẹni tó pè ọ́ láti Ìbàdàn kò rí nǹkan kan. Ó jókòó sórí àga, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ kí o dáhùn nísinsìnyí. Ibi tí mo ń darí ọ̀rọ̀ mi sí nìyẹn, n ó padà sí i.

Kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí àwa ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún yẹn, fóònù wà lórí tábìlì nínú ilé àwọn olówó, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó lè gbé e wọ ọkọ̀. GSM kò dé títí di 2001. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rántí rẹ̀ dáadáa, ìgbà náà ni ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Owó káàdì SIM nìkan ju owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, bí o bá sì lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń gbà. Ta ló ń bi ènìyàn léèrè pé “ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́” nígbà yẹn? A ń fláàṣì ara wa ni. Ìgbà tí Glo dé ní 2003 tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ẹnu wa tú. Mo máa ń sọ ọ́ pé owó gọbọi yẹn ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó dín fóònù kù lórí títì ní Nàìjíríà, a ò kàn mọ̀ ni.

Òfin wà, kí a má parọ́. Ìwé òfin ìrìnnà ojú pópó ti 2012 kò gbà kí awakọ̀ máa lo fóònù, owó ìtanràn tí FRSC kọ sílẹ̀ fún un sì jẹ́ náírà 4,000 pẹ̀lú máàkì ìjìyà 4 lórí ìwé ìwakọ̀. Àwọn TRACE ti ìpínlẹ̀ wa náà wà lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú rí i kí ó tó mú un. Bí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́? Bí gíláàsì ọkọ̀ bá dúdú ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́ sókè títì láti December 2019. Ó ń ya fọ́tò wọ inú ọkọ̀ láti òkè, kọ̀ǹpútà á yan àwọn fọ́tò tó bá fu ú lára, ènìyàn á tún un wò kí wọ́n tó fi ìwé ìtanràn ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìwé ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí irú rẹ̀ tó dé Toll Gate, kí iná tó wà tí yóò gbé e, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin oníPhone, ẹ fetí sílẹ̀. Láti 2017 ni Apple ti fi ìdákẹ́ ọ̀nà sínú fóònù yín. Láti 2021, abẹ́ Focus lẹ ó ti rí i nínú Settings, orúkọ rẹ̀ ni Driving. Fóònù fúnra rẹ̀ lè mọ̀ pé ẹ wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré, tàbí kí ó tan án nígbà tí Bluetooth ọkọ̀ bá mú un, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín tan án. Bó bá ti tàn, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í dún mọ́, ojú fóònù kì í ṣí gbùà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín lè rí èsì gbà lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ń wakọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Android, Tecno, Infinix, Samsung, itel tó jẹ́ ti Android, Do Not Disturb wà nínú tiyín. Orí fóònù mìíràn, ó ní ipò ìwakọ̀ tirẹ̀; orí òmíràn, ẹ ó fọwọ́ tan án kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Kò ju kí a fa ojú fóònù wálẹ̀ kí a tẹ ibì kan lọ. Android Auto àti Apple CarPlay tún wà, èyí tó ń gbé àwòrán fóònù sójú ọkọ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tuntun ló wọ́pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti kúrò nílé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Nǹkan méjì wà tí àwọn tó ṣe é kò mọ̀ nípa wa, àwa la máa tún un ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Wọ́n rò ó pé ẹni tó bá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, lórí iPhone, bí ẹnì kan náà bá tún pè láàárín ìṣẹ́jú 3, ìpè kejì lè wọlé. Lórí Android, láàárín ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ta ni nínú wa tó ń pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan? Bí a bá pè tí wọn ò gbé e, a ó tún pè ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí a wá béèrè pé “Ṣé ẹ ti jẹun?” Ní Ọ̀tà níbí, ilẹ̀kùn pàjáwìrì yẹn ti di ojúlé. Ẹ lọ pa á. Repeated Calls ni wọ́n kọ sí i lórí iPhone, Repeat Callers lórí Android. Ẹ wá yan ẹnì kan tàbí méjì tí ìpè wọn lè wọlé, ìyàwó tàbí ọkọ, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ìyá yín. Àwọn yẹn nìkan.

Èkejì ni èsì tí fóònù ń fún ènìyàn. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì gbẹ. Ọmọ ilé tí wọ́n kọ́ kò lè jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá ìyá ìyàwó rẹ̀. Mo sì gbà pé ìtìjú yìí wà lára ohun tó ń pa wá lórí títì: àgbà ló ń pè, báwo ni n ó ṣe má gbé e? Ẹ lè yí èsì náà padà sí Yorùbá. Tèmi kà báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, mo ń wakọ̀ lọ́wọ́ ni. N ó pè yín bí mo bá ti gúnlẹ̀. Ẹ ṣé, mo dúpẹ́.” Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́, àbúrò bàbá mi kan tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ti ń fi àdúrà dá a lóhùn. Fóònù ló bá mi dọ̀bálẹ̀.

Wàyí o, ibi tí ẹ̀rọ náà kù sí. Fóònù mọ̀ pé òun wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré, kò mọ àga tí òun wà. Nínú dánfó kan, fóònù awakọ̀ àti ti gbogbo èrò ń sáré bákan náà. Nítorí náà ló fi ń béèrè: ṣé ìwọ ló ń wakọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ á ní òun kọ́. Ẹ rántí ẹ̀rọ adínwọ́ eré kù tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé lórí ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní October 2016. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ nínú ọkàn rẹ̀ yóò wá ẹni tí yóò bá a tú u.

Àwọn mìíràn kò lè pa fóònù rárá. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún Bolt tàbí Uber, fóònù ni ọ̀gá rẹ̀, inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń jáde. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe ni kí ó kan fóònù mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ó jẹ́ kí máàpù fi ohùn darí òun, kí ó sì dúró kí ó tó gba iṣẹ́ mìíràn.

Ibi tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé, mo ti ṣèlérí. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000, tí owó wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa tí a wà nínú báńkì nígbà náà, ojú wa rí nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Láti ìgbà náà ni dánfó àti kẹ̀kẹ́ ti ń gba tíránsífà. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: èrò ní òun ti fi náírà 500 ránṣẹ́, awakọ̀ ní òun kò tíì rí àlẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń fà. Èrò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Awakọ̀ gbé fóònù lé itan, ó ń wo títì lẹ́ẹ̀kan, ó ń wo àlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti jókòó síwájú nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì rí i tó ń fi àtàǹpàkò ṣí áàpù báńkì rẹ̀ nígbà tí a ń gun bíríìjì.

Èyí ní àtúnṣe. Bí kọ̀ndọ́ bá wà, kí àkáǹtì tí wọ́n ń sanwó sí wà lórí fóònù kọ̀ndọ́. Báńkì lè fi àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí olówó àkáǹtì bá fi sílẹ̀, ẹ lọ béèrè. Oníkẹ̀kẹ́ tí kò ní kọ̀ndọ́, kí ó gba owó kí táyà tó yí. Ní Íńdíà, àwọn oníṣòwò kéékèèké ní àpótí kan bí rédíò kékeré tó ń fi ohùn pe iye owó tó wọlé, ènìyàn kò ní láti wo ojú fóònù. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀, ojú awakọ̀ á wà níwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ akérò nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ lè fi dandan lé e. Àwọn dírẹ́bà yín kò ní dá a ṣe.

Mo ní n ó padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń pè. A máa ń bá awakọ̀ wí. Ìwé òfin bá awakọ̀ wí, ẹ̀ṣọ́ mú awakọ̀, kámẹ́rà Ọsirélíà ya awakọ̀. Ṣùgbọ́n ìpè kì í dá ara rẹ̀ pè. Ẹnì kan wà ní òdìkejì tó tẹ nọ́ńbà yẹn, ó sì lè jẹ́ ẹni tó mọ̀ dájú pé ẹni tí òun ń pè wà lórí títì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀gá tó ní ọkọ̀ pe dírẹ́bà: “Níbo lo wà?” Ó ní òun wà ní Ìyànà Ìlogbò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún pè: “O ò tíì dé?” Bí ọmọ náà kò bá gbé e, ẹjọ́ dé: “O rí ìpè mi, o mọ̀ọ́mọ̀ má gbé e.” Kí ni ọmọ náà yóò kọ́ nínú ìyẹn? Yóò kọ́ pé kí òun gbé fóònù ló ṣe pàtàkì ju títì lọ, nítorí pé orí fóònù ni iṣẹ́ òun wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà wà láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ yóò fi hàn yín lórí fóònù yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ náwó, WhatsApp ní èyí tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn bó ṣe ń lọ. Ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8 ni ènìyàn lè yàn. Kí dírẹ́bà tẹ wákàtí 8 kí ó tó gbéra, kí ẹ jókòó sílé máa wò ó. Dátà díẹ̀ ló ń jẹ, ẹ bá a rà á.

Ó wá ku àwa ẹgbẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ sìnkú ìyá ọ̀kan nínú wa. Ọkọ̀ mẹ́jọ ni a tò tẹ̀ léra kúrò níbí. Kí a tó dé Ìfọ̀, WhatsApp ẹgbẹ́ ti ń hó bí ọṣẹ. “Níbo lẹ dé?” “Ẹ dúró dè wá o.” “Fìlà ta ló wà lọ́wọ́ Akọ̀wé?” Ẹnì kan ya fọ́tò ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ fi ránṣẹ́, sítíárìn hàn nínú fọ́tò náà, ọwọ́ kan sì wà lórí rẹ̀. Gbogbo wa fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó, mo ka ohun tó wọlé láàárín ìgbà tí a gbéra sí ìgbà tí a dé. Mẹ́tàdínlógún ló wá láti ọwọ́ àwọn tí mo mọ̀ pé àwọn gan-an ló ń wakọ̀. Mẹ́tàdínlógún, nínú ìrìn àjò tí kò tó wákàtí méjì. Èmi ò ní dárúkọ, ẹ má wo ojú ara yín. A dé láyọ̀, a jẹ, a mu, a jó, a padà wálé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo kà.

Àbá mi nìyí. Èmi Alukoro ni mo ń bójú tó WhatsApp ẹgbẹ́. Ó ní ibì kan níbẹ̀ tí a lè ti ilẹ̀kùn, tó fi jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ fún mi láṣẹ pé ọjọ́kọ́jọ́ tí a bá ń rìn, kí n tì í pa láti ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá gbéra títí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò fi dé. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbẹnusọ kan tí kì í ṣe awakọ̀, fóònù awakọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dá wakọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pe ọmọ ẹgbẹ́ nígbàkígbà, kí ó tó kí i, kí ó tó bi í ní ti ilé àti ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ “Ṣé o ń wakọ̀?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó pa á. A ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé. Mo fẹ́ kí a gba ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá pe ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé ó wà nídìí sítíárìn tí kò sì pa á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tó pè ni yóò san án.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni méjì tí ẹ yàn lórí fóònù yín lè wọlé. Agbẹnusọ ọkọ̀ wà. Bí ẹ bá rí ìjàǹbá lọ́nà, ẹ dúró níbi tó láàbò, kí ẹ pe 122 ti FRSC, ọ̀fẹ́ ni. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ sọ ohun kan fún mi tí awakọ̀ lè ṣe sí i láti orí sítíárìn, tí kò lè dúró kí ó kọ́kọ́ páàkì. Ìròyìn ikú kì í sá lọ. Èyí tó bá jẹ́ owó, báńkì ń ṣí lọ́la. Bàbá ìsàlẹ̀ wa kan sọ fún mi nígbà tí mo ń bá a jíròrò pé nígbà tí àwọn ń rìn láti Ọ̀tà lọ sí Èkó láyé àtijọ́, ìdílé kì í mọ̀ pé wọ́n ti dé àfi bí wọ́n bá padà, ilé kò sì wó.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ní owó ìtanràn náà le jù. Àwọn tó ní ọkọ̀ ní àwọn kò lè má pe dírẹ́bà àwọn. A ó jiyàn rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó sì dìbò. Kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn wá, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀, kó má ṣe sọ ọ́ lórí WhatsApp.

Oúnjẹ ti délẹ̀, mo ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ìṣáájú, n kò ní pẹ́ mọ́. Mo ti bẹ Akápò kí ó fún mi ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán, ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun tan ìdákẹ́ ọ̀nà yìí sórí fóònù òun, kí n pa ilẹ̀kùn ìpè ẹlẹ́ẹ̀mejì, kí n sì bá a kọ èsì Yorùbá tí kò ní bí àna rẹ̀ nínú, kí ó wá bá mi níbẹ̀. Ẹ gbé gíláàsì ojú yín dání, àwa kan kò rí lẹ́tà kékeré mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá wakọ̀ wá, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn.